Òfin Okùn Ọmọ ní Ìdí-Ìyeyè

Ẹni tó bá ń mumi lọ́wọ́, kó gbé e mì ná. Ọ̀rọ̀ Ọnọrébù Oyèkúnlé Fámákinwá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ tomi-tomi lẹ́nu. Ẹni tó bá dán an wò, imú ni omi náà yóò gbà jáde.

Alága káńsù Ìdí-Ìyeyè ni Fámákinwá. Bí ẹ bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, tí ẹ kọjá Ẹgbẹ́dá, tí ẹ yà níbi tí àwọn típà oníyanrìn ń yà, ìlú náà kò jìnnà sí yín mọ́. Ẹ kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ẹ ti débẹ̀, nítorí àwòrán Alága ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Ó wà lára ògiri káńsù. Ó wà lára ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà. Ó wà lára táǹkì ńlá kan tí omi kò wọ inú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e nàró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn tó ń gbé garawa kọjá lọ sódò.

Wọn kì í kí Alága bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹranko ńlá kan kí i, ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò lọ́jọ́ náà. Akápò á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Àjànàkú!" Akọ̀wé á ní, "Kìnnìún, ẹ kú ìjókòó!" Ẹni tó bá pẹ́ dé ni ìyà ń jẹ, torí àwọn tó ṣáájú á ti kó gbogbo inú igbó lọ tán. Lọ́jọ́ kan, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ pẹ́ níbi tó ti lọ ra epo. Nígbà tó fi máa dé, erin ti lọ, ẹfọ̀n ti lọ, àmọ̀tẹ́kùn ti lọ. Òógùn bò ó. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ràkúnmí wa!" Alága ronú sí i. Ó ní ràkúnmí ga, ó gbà á.

Olórí àwọn apọ́nnilé yìí ni Ishaq, olùdámọ̀ràn pàtàkì. Iṣẹ́ Ishaq ni láti rẹ́rìn-ín kí àwàdà Alága tó parí, kó sì máa nu ojú nígbà tí Alága bá ń sọ ìtàn ìyà tó jẹ ní kékeré. Ẹ má bi mí pé ìyà wo. Ọmọ olóko kòkó ni Alága. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń dán ló fi ń ṣeré nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Alága lọ́dún náà, òun náà ni sáà kejì. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò tíì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á débi pé ó ń lá àlá tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń sáré tẹ̀ lé e, tíkẹ́ẹ̀tì náà ń fò bíi tata. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ní agbègbè yìí, kò sí ẹni tó ń rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà bí Kọmíṣánnà kò bá fọwọ́ sí i. Obìnrin ni Kọmíṣánnà yìí, àgbà òṣèlú tó ti rí ìjọba ológun, tó rí ti alágbádá, tí kò sì kí èyíkéyìí nínú wọn ju bó ti yẹ lọ. Bó bá wo ènìyàn, tó ní, "Ẹni yìí dára," onítọ̀hún ti wọlé. Bó bá ní "Hùn," kónítọ̀hún máa lọ tọ́jú oko bàbá rẹ̀.

Àsìkò yẹn náà ni àwọn obìnrin ilé gàrí wá rí Alága.

Ilé gàrí wà ní òdìkejì títì tó la àárín ìlú kọjá. Ilé gbígbé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilé gàrí wà ní ìkejì, àwọn típà sì ń gba àárín méjèèjì kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń tẹ̀ lé ìyá wọn kọjá láàárọ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn padà nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, típà kan ti fi bíi ẹsẹ̀ kan péré tàsé ọmọ Mojí, Ṣeunfúnmi. Mojí yìí, tó ń yan gàrí, ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Alága," Mojí kúnlẹ̀. "Àwọn típà yìí ń sáré jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣe bọ́ǹpù síwájú ilé gàrí. Kékeré náà tó."

Ishaq wúkọ́. "O ò tíì kí wọn dáadáa o."

"Mo ti kúnlẹ̀ ná."

"Ẹranko ńkọ́?"

Mojí wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. "Ẹ káàárọ̀ o… Ẹtà."

Alága kò tíì gbọ́ irú èyí rí. Ó wo Ishaq bóyá ẹtà tóbi. Ishaq wo òkè àjà. Alága fi í sílẹ̀, ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀ sí èjìká ọ̀tún, ó gbọn ọ́n sí tòsì.

"Bọ́ǹpù?" ó ní. "Obìnrin yìí, o mọ ohun tí bọ́ǹpù ń ṣe? Bí jíìpù mi bá dé ibẹ̀, á tẹ orí ba kó tó lè kọjá. Èmi Fámákinwá, nínú jíìpù mi, kí ọkọ̀ mi foríbalẹ̀ fún òkìtì ọ̀dà! Ṣé òkìtì yẹn ló dìbò fún mi ni?"

"Àwa la dìbò fún yín, sà," Mojí dáhùn.

"Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ."

Wọ́n lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n kó àwọn alága lọ sí London láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ìlú ṣe. Alága mú Ishaq dání, torí ta ni yóò máa rẹ́rìn-ín fún un lọ́hùn-ún? Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ wọn. Alága sun gbogbo rẹ̀ tán. Ìta gbangba ló ti ṣalábàápàdé ẹyọ kan tó mú bọ̀ wálé.

Obìnrin òyìnbó kan ló ń bọ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló, ó fi ọwọ́ kejì di okùn mú. Nídìí okùn náà ni ọmọ rẹ̀ kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọ́n fi bẹ́líìtì gbá a láyà, wọ́n kọ́ okùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọmọ náà sáré díẹ̀, ó fẹ́ ṣubú, okùn dá a dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sáré. Nǹkan rere ni, kí á má purọ́. Ìyá rọgbọ, ọmọ rọgbọ, ọkọ̀ sì ń rọra lọ lójú títì wọn nítorí bọ́ǹpù wà níbẹ̀. Alága kò rí bọ́ǹpù. Kò tilẹ̀ rí ọmọ. Okùn ló rí.

"Ishaq," ó ní, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Wo bí ẹ̀dá ṣe lè máa rìn fàlàlà, kó rò pé òun ni òun ń mú ara òun lọ, kí ìdí okùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn." Omi lé ròrò sí i lójú. "Ìṣèjọba nìyẹn."

Ishaq ti ń sunkún ní tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn. Alága gba gbohùngbohùn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí ajá fi gbó níta.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin tí oríire yín fi mí ṣe alága! Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Kí ni ayé ń lò bí kò ṣe okùn? Okùn la fi ń fa omi nínú kànga. Okùn ìwọ́ ni ọmọ fi ń jẹun nínú ìyá rẹ̀. Mo wá bi yín, ta ló ń gé okùn náà? Agbẹ̀bí! Ta ni yóò so ó padà? Èmi Fámákinwá ni!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Agbẹ̀bí ìlú, tó jókòó nílà kejì, wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ó jalè.

Ishaq wá ka òfin. Ọmọkọ́mọ tó bá ti ń rìn, tí kò sì tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbọ́dọ̀ wọ bẹ́líìtì káńsù, kí wọ́n fi okùn fà á bó bá jáde nílé. Ẹni tó bí ọmọ, tàbí ẹni tí òbí ọmọ bá fi okùn lé lọ́wọ́, nìkan ló lè fọwọ́ kan ọmọ náà níta. Ẹlòmíràn tó bá fọwọ́ kan án, gbọ́mọgbọ́mọ ni. Ẹni tí ọmọ bá sì bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lójú títì, àgọ́ agbófinró káńsù ni yóò jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

"Ta ni yóò máa mú wọn?" ẹnìkan béèrè.

Ṣítù dìde. Ṣítù ni olórí àwọn agbófinró káńsù. Kò mọ àwàdà, kò mọ ojúsàájú, kò mọ "jẹ́ kó lọ." Nígbà kan Alága ní kó dúró de òun lábẹ́ igi, Alága sì gbàgbé. Òjò pa Ṣítù, oòrùn gbẹ ẹ́, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá bá a lábẹ́ igi.

"Bó bá jẹ́ èmi gan-an ni mo rú òfin yìí," Alága pariwo, "Ṣítù, mú mi!"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ṣítù kò rẹ́rìn-ín. Ó fi orí gbà á.

Bẹ́líìtì dé. Àwòrán Alága ni wọ́n tẹ̀ sí àyà rẹ̀, gbàgàdà, eyín síta. Ẹ sì mọ ọmọ ọdún méjì: ìdajì ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀ ló ń padà jáde. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ògì, ìtọ́, ikun imú àti ọbẹ̀ ilá gbogbo Ìdí-Ìyeyè ti gba ojú Alága kọjá. Ìyá àgbà kan, Ọ̀ṣunwùnmí, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ àbíkú la máa ń so nǹkan mọ́ lára kó má bàa lọ. Níbo ni ọmọ-ọmọ tèmi ń lọ? Jẹ́lé-ó-sinmi ló ń lọ!" Ìyá ìbejì kan nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Tó bá ti ru ẹ̀gẹ́ lórí, tó di okùn méjèèjì mú, Táyé kò lè sá sí ìlà-oòrùn kí Kẹ́hìndé sá síwọ̀-oòrùn mọ́. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó bá wù lò ó, ìtàn mi ì bá parí síbí.

Ilé gàrí ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dojú rú. Ẹni tó ń yan gàrí, ọwọ́ méjèèjì ni iná ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ń rò ó, ọ̀kan ń dà á. Alága kò sì fún wọn ní ọwọ́ kẹta tí wọn yóò fi di okùn mú. Wọ́n bá so àwọn ọmọ mọ́ òpó. Oníṣòwò ewúrẹ́ kan tó ti Akínyẹlé wá ń wá gàrí rà. Bó ti wọlé tó rí okùn lára òpó, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn nǹkan tó wà nídìí okùn, ó ń fi àtàǹpàkò wá ọ̀rá níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́jà ẹran, kí ojú rẹ̀ tó bá ọwọ́ rẹ̀.

"Yéè! Ọmọ ènìyàn!"

"Kí lo rò pé ó jẹ́?" Mojí ké mọ́ ọn. "Ó sanra tó bí o ṣe fẹ́?"

Ọkùnrin náà gbàgbé gàrí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka òfin nípa ọwọ́ kíkàn yẹn ló wá sọ ìlú di eré. Tẹ́lẹ̀, ọmọ kò lè rìn kọjá ilé mélòó kan ní Ìdí-Ìyeyè kí ẹnìkan má gbá apá rẹ̀ mú, kó ní, "Ta ló ni ọ́?" kó gbá a nídìí pẹ́pẹ́, kó fún un ní ẹ̀pà, kó dá a padà fún ìyá rẹ̀. Wàyí o, ìyá àgbà kan sùn lọ nínú ìjọ Aládùúrà, okùn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde, ó ń fa okùn lẹ́yìn bí ìrù. Onígbàjámọ̀ rí i, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ lé e. Káfíńtà rí i, òun náà ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyàwó ilé kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó tó fọwọ́ kàn án, torí Ṣítù dúró lókè ọ̀nà, ó ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ yà sílé," onígbàjámọ̀ ń bẹ ọmọ ọdún kan ààbọ̀.

"Bàbá Àgbà, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn, gọ́tà ni!" káfíńtà ké.

Ọmọ náà wẹ̀yìn, ó rí èrò, ó rò pé òun ń jọba, ó fi kún ìrìn. Wọ́n sìn ín yí ìlú ká títí ìyá àgbà fi jí.

Gbogbo èyí ń dé etí Alága, ṣùgbọ́n Ishaq ló ń gbé e wá, ó sì ń bọ́ èèpo rẹ̀ lójú ọ̀nà. "Àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé ọmọ káàkiri nítorí ìfẹ́ òfin yín, Alága." Alága mi orí. Ó ránṣẹ́ sí Kọmíṣánnà pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Kọmíṣánnà ní òun ń bọ̀. Ẹ̀rín gba gbogbo ilé káńsù, wọ́n sì ń kí Alága ní "Sáà Kejì" dípò erin.

Wọ́n pinnu pé Alága fúnra rẹ̀ ni yóò fa ọmọ kọjá níwájú Kọmíṣánnà. Ọmọ wo? Ọmọ rẹ̀ ni, Marvellous, àbíkẹ́yìn, tí ìyàwó rẹ̀ kékeré, Ìbídùnní, bí fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń wọ bẹ́líìtì fún ọmọ, Ìbídùnní kò lè pa á mọ́ra.

"Dádì, ẹ ò ṣe jẹ́ kí ẹ̀yin àti ọmọ yìí kọ́kọ́ ṣeré díẹ̀? Bó bá jí, ẹ ti jáde. Bẹ́ ẹ bá dé, ó ti sùn. Kò mọ̀ yín."

"Kò mọ̀ mí!" Alága na ìka sí àyà ọmọ náà. "Ojú mi nìyẹn láyà rẹ̀!"

"Òun kọ́ ló ń rí i, Dádì. Àwa tó wà níwájú rẹ̀ là ń rí i."

Alága tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ti ń na ọwọ́ fún Ishaq, Ishaq sì ń so ìdí okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kókó lórí kókó, kó má bàa yọ níwájú Kọmíṣánnà.

"Kò lè já láéláé, Alága," Ishaq ní. "Àní bí ẹ̀yin gan-an bá fẹ́ kó já."

Iwájú káńsù ni wọ́n pa àgọ́ sí, títì wà lápá kan, ilé gàrí sì wà lódìkejì. Kọmíṣánnà jókòó, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ìyá ti ń fa ọmọ kọjá ṣáájú. Ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan dùbúlẹ̀ pé òun kò lọ mọ́, ìyá rẹ̀ ń fà á nílẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Kọmíṣánnà wo Alága lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú.

Alága bọ́ sójú agbo. Agbádá funfun balau, fìlà gogoro, okùn lọ́wọ́. Marvellous dúró nídìí okùn, ó ń wo ìta gbangba yìí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ayé. Ẹlòmíràn ló ń gbé e láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ilẹ̀ tuntun ni ilẹ̀ jẹ́ fún un.

"Màdáámù Kọmíṣánnà!" Alága bú. "Ẹ wo ọjọ́ ọ̀la! Bí mo ṣe di ọmọ yìí mú, bẹ́ẹ̀ ni mo di Ìdí-Ìyeyè mú! Bí mo bá ní kó yà sọ́tùn-ún…"

Àgbébọ̀ adìẹ kan kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Marvellous yà sósì.

Ó sáré. Adìẹ sá gba abẹ́ àga Kọmíṣánnà, Marvellous gbà á tẹ̀ lé e, ó yípo, ó jáde, ó tún wọ ibẹ̀. Okùn wé mọ́ ẹsẹ̀ àga, ó wé mọ́ ẹsẹ̀ Kọmíṣánnà, ó fa Alága lọ́wọ́. Kọmíṣánnà ní, "Kí lèyí?" ó fẹ́ dìde. Bó ti dìde ni Alága ṣubú lé e, àga tẹ̀ lé wọn, agbádá sì bo gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi agbọ̀n dé adìẹ.

Ìkọ́ oníke tó wà lẹ́yìn bẹ́líìtì ṣe pá, ó já.

Láti abẹ́ agbádá ara rẹ̀ ni Alága ti rí ọmọ rẹ̀. Adìẹ ti dé etí títì. Ọmọ náà ń tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Alága sì gbọ́ ohùn típà kan láti ìsàlẹ̀, ohùn tó ti ń gbọ́ lójoojúmọ́ láti inú ọ́fíìsì rẹ̀ láìgbọ́ ọ rí.

"Ẹ gbá a mú!" ó ké. Ohùn yìí kò ní gbohùngbohùn nínú. "Ẹ bá mi gbá a mú!"

Àwọn tó wà létí títì ti ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìwà ti di bárakú. Onígbàjámọ̀ na ọwọ́, ó wo Ṣítù, ó tún ká a padà. "Marvellous, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà!" ló ń sọ. Alága fẹ́ dìde, ọwọ́ tí wọ́n so okùn mọ́ fà á padà. Ó fi ehín fa kókó náà. Ishaq mọ kókó ta.

Láti òdìkejì ni Mojí ti dé. Kò ronú, kò wo Ṣítù, ìyẹ̀fun gàrí ṣì wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó gba ojú títì wọlé bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́, ó gbá ọmọ náà nídìí gbé sókè, ó yí i dà sí ìbàdí, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Típà kọjá. Atẹ́gùn rẹ̀ gbé fìlà Alága lọ sójú títì, táyà sì tẹ̀ ẹ́.

Marvellous wo ojú Mojí, ó fi ọwọ́ kan gàrí tó wà lápá rẹ̀, ó fi sẹ́nu.

Ṣítù bá dé. Ó di Mojí lápá mú. "O fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnikẹ́ni kò fi okùn lé ọ lọ́wọ́."

Ìlú hó. Kọmíṣánnà, tí wọ́n ti gbé dìde, tó fọwọ́ ti ìbàdí, bi í pé, "Kí lobìnrin yìí ṣe?"

"Òfin ni, Màdáámù."

"Ta ló ṣe òfin?"

Alága wo Ishaq. Ishaq wo iwájú. "Alága ló ṣe é," Ishaq dáhùn. Kò sí ẹranko kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ojú gbogbo ayé wá wà lára Fámákinwá. Bó bá ní òfin náà kò dára, tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Bó bá ní ó dára, wọn yóò ti obìnrin tó gba ọmọ rẹ̀ là mọ́lé níṣojú Kọmíṣánnà, tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ẹlòmíràn ì bá wólẹ̀, ì bá ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Ṣeunfúnmi, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún yín," ìlú ì bá sì sunkún, wọn ì bá dárí jì í. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti jẹ́ erin pẹ́ jù. Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára agbádá, ó gbé ọwọ́ okùn sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Àánú mi pọ̀! Obìnrin yìí ṣẹ̀. Lóòótọ́ ó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi Fámákinwá, nínú títóbi ọkàn mi, mo dárí jì í!"

Ó dúró de àtẹ́wọ́.

"O dárí ji ta?" Ọ̀ṣunwùnmí béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀bi kí ni mo jẹ?" Mojí ní. "Ẹ gbà, ọmọ yín rèé. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ṣẹ̀, kí n dá a padà síbi tí mo ti gbé e?"

"Hùn," ni Kọmíṣánnà ní.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alága mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó sì jókòó sílẹ̀. Ṣítù ti fi Mojí sílẹ̀, torí Alága ti dárí jì í, àṣẹ ni. Ó ń ro ìyókù òfin lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí okùn tí ọmọ ti bọ́ níbẹ̀, ó wò ó, ó fi ojú tẹ̀ lé e títí dé ọrùn ọwọ́ Alága.

"Alága," ó ní jẹ́jẹ́, "ọmọ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì."

"Ṣítù, má ya wèrè o."

"Ẹ ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni. Níṣojú ìlú lẹ ti wí i, sà. Ẹ dìde, kí á lọ."

Kókó kò tú. Ishaq ti fi kókó sílẹ̀, ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò Kọmíṣánnà, ó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣítù ṣe fa Alága káńsù Ìdí-Ìyeyè láti abẹ́ àgọ́ ayẹyẹ dé àgọ́ agbófinró káńsù, okùn gún régé láàárín wọn, àwọn fóònù sì ń gba àwòrán. Nígbà tí Alága bá lọ́ra, Ṣítù á dúró dè é. Kò fà á lágbára. Ọmọlúàbí ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti dé Alákìá, ó ti dé Ọ̀nà-Àrà, ó ti dé London padà. Wọ́n ní nínú mọ́tò, akọ̀wé ẹgbẹ́ bi Kọmíṣánnà nípa sáà kejì. Kọmíṣánnà rọra gbé ìbàdí rẹ̀ sí ipò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. "Ẹni tí kò lè mú ọmọ ọdún méjì dúró," ó ní, "ṣé òun ni yóò mú ìbò dúró?"

Ọlọ́runyọmí kan, tó ń ta páànù ní ọ̀nà Lálúpọn, ni wọ́n fún ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ishaq ti wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó tó ṣí i. "Ẹ káàárọ̀ o, Àjànàkú!" Ọkùnrin náà wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan wà lẹ́yìn òun. Ó ní kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń dáhùn.

Nígbà tí sáà Fámákinwá parí, káńsù gba jíìpù padà. Àwọn tó máa ń bá Fámákinwá gbé báàgì, fóònù àti áńkáṣífù rí ẹrù ẹlòmíràn gbé. Ilé dá rọ́rọ́. Nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a ṣeré, òun àti Marvellous bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan, Ìbídùnní rán an ní gàrí. Ó mú ọmọ dání, ó dé etí títì, ó dúró. Típà kan kọjá, ó gbé ẹsẹ̀. Òmíràn ń bọ̀, ó fà á padà. Láti ọjọ́ tó ti di alága, kò tíì fi ẹsẹ̀ kọjá níbẹ̀ rí, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn kọjá. Eruku bo ìrùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbé ọmọ, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Àwọn tó ń kọjá kí i, "Ẹ kú ìdúró o," wọ́n bá tiwọn lọ.

Mojí ti ń bọ̀ láti odò, ó ru garawa. Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

"Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Hẹn." Ó fi ọwọ́ kan ti garawa orí rẹ̀, ó na èkejì sí Marvellous, ọmọ náà sì dì í mú bí ẹni tó ti mọ ọwọ́ náà tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Kí ni èmi náà yóò ṣe?"

"Ẹ di ọwọ́ ọmọ yín kejì mú. Kí ẹ má sáré o, kí ẹ má sì dúró láàárín. Bí mo bá ní ó yá, ẹ gbé ẹsẹ̀."

Ọkùnrin tí wọ́n ti pè ní erin, tí wọ́n pè ní kìnnìún, tí wọ́n pè ní ràkúnmí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá ọwọ́ kékeré kan tí ẹ̀pà àti ìtọ́ ti rẹ, ó dì í mú. Típà kan tún rọ́ kọjá. Ó pa ojú dé.

"Ẹ lajú," Mojí ní. "Ó yá."